Okùn Kẹta

Wọ́n lẹ orúkọ Múfù mọ́ ògiri láti Sángo dé Mọ́kọ́lá:
Alẹ́ Ìrántí Múfútáù Oyèéwọlé, Ọ̀gá Onígìtá.
Ìwé ìwọlé, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.
Mo san tèmi. Ta ni n bá sọ fún
pé èmi ni mo máa ń ru ampilifáyà gun òkè yìí
nígbà tí ọkọ̀ wa bá ti kọ̀ ọ́?
Múfù ì bá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó kú,
ó jẹ owó ilé oṣù mẹ́rin,
bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ aránbàtà.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí
lọ́dún tí Ògùnpa ya wọlé, tó gbé gìtá náà lọ
pẹ̀lú àpótí aṣọ àti adìẹ ìyá rẹ̀,
àwọn ló wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀
tí a máa ń fi gbálẹ̀ Gbági láyé ìjọ́sí.

Ọmọbìnrin kan ló dúró sí àyè Múfù.
Morẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ.
Àmọ́ nígbà tó fọwọ́ bà á,
ó dún bí òjò ṣe ń bọ̀ lórí páànù Bẹẹrẹ,
láti ilé dé ilé, kó tó kan tìrẹ.

Ìgbà tó di orin kẹta, orin reluwé òru,
àyà mi já.

Òkè-Àdó ni. Ọdún kẹrin tí ogun parí.
Wákàtí kan péré lowó wa ká nílé ìgbohùnsílẹ̀.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, okùn kẹta já, fàú!
A ò ní òmíràn. Ta ló lówó okùn méjì?
Múfù ò dúró. Ó fo ibẹ̀
bí èèyàn ṣe ń fo kòtò lọ́nà ilé rẹ̀,
ó fojú sọ fún gbogbo wa: ẹ má mí o.
Ibẹ̀ gan-an ni ikọ́ ti gbé mi.
Ẹ̀ẹ̀kan péré, ikọ́ ọyẹ́, gbígbẹ.
Ó wọnú àwo lọ. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Múfù ò fi bá mi sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ní kí n wá gbé ampilifáyà.

Okùn tó já, bí a bá so ó, á ní kókó.
N ò mọ̀ pé kókó náà
làwọn ọmọ yóò máa fọwọ́ wá kiri lára okùn.

Morẹ́nikẹ́ dé ibẹ̀.
Okùn tirẹ̀ ò já. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, wọ́n ń dán.
Síbẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè.
Ìlù dákẹ́.
Gbogbo gbọ̀ngàn sì wúkọ́.

Ọ̀ọ́dúnrún ẹnu, àbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikọ́ mi!
Akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì tó tibi iṣẹ́ bọ̀,
bàbá onífìlà tó jókòó tì mí,
wọ́n wú u bí mo ṣe wú u, gbígbẹ, kúkúrú,
wọ́n sì ń wo ara wọn rẹ́rìn-ín
bí gìtá ṣe ń bá ọ̀nà Kánò lọ.

Bàbá onífìlà fi ìgúnpá gún mi:
“Ẹ ò mọ ibẹ̀ ni? Ibẹ̀ ló dùn jù.
Múfù fúnra rẹ̀ ló wú ikọ́ yẹn.”

Mo kàn mi orí ni.
Láti ìgbà tọ́mọ yẹn ti gbọ́wọ́ sókè
ni mo ti pa ẹnu dé, tí mo dì í mọ́ inú,
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kìlọ̀ fún.
N ò tíì mí.