Máàkì Táàmù Kẹta

Mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé wa ní Ìtòkò,
bírò pupa lọ́wọ́, ìwé máàkì lórí itan.
Ọmọ ìyá kan náà, kíláàsì kan náà:
Sẹ̀kínátù àti Mufútáù, ọmọ Ìyá Aláró.
Ìwé kíkà: Sẹ̀kínátù, méjìdínlọ́gọ́rin;
Mufútáù, mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ìṣirò: Mufútáù, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta;
Sẹ̀kínátù, mọ́kàndínlógójì.
Bírò mi dúró síbẹ̀.

Ọ̀gá kan láti Òkè-Mosàn sọ fún wa ní ìpàdé
pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn,
orí obìnrin gba ìtàn, orí ọkùnrin gba òǹkà.
A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́,
mo sì jẹ mítípáì tí wọ́n pín.

Ṣùgbọ́n mo ti bá Sẹ̀kínátù nídìí ìkòkò aró,
ó ń fi agolo mílíìkì wọn kọ́sítíìkì:
“Agolo mẹ́ta sí kẹ́ẹ̀gì méjì.
Bí aṣọ bá lé ní ogún ọ̀pá, ẹ fi ìlàjì kún un.”
Kò wo ìwé, kò fi ìka ka nǹkan kan.
Oníbàárà kan fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ní igba náírà,
ó dá a padà kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án ti kọjá kó tó wọlé,
ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù dé orúnkún.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ omi,
kó tó gbálẹ̀, kó tó wẹ àbúrò.
Ìṣirò la sì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀.
Ẹni tí kò bá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, níbo ni yóò ti mú un?
Èmi ni mo to táímù-tébù náà.

Mufútáù ńkọ́? Òun kì í pọnmi.
Kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé, “Kí lo kà lónìí?”
Bí ìwé bá ti le, á di apanilẹ́rìn-ín,
kíláàsì á rẹ́rìn-ín, èmi á mú pàṣán.
Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọkùnrin kì í ní òun ò mọ̀.
Lọ́sàn-án, á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà lóòjọ́.
Eruku funfun lé sí ìpéǹpéjú rẹ̀
bí ewú tó dé ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣe ohun kan tí n kò sọ fẹ́nì kan.
Gbogbo ìgbà tí mo bá pe ọmọ wá síwájú pátákó,
mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi.
Ní Fúráìdè mo kà wọ́n.
Ọkùnrin, mẹ́rìndínlógún. Obìnrin, mẹ́rin.
Nígbà ìwé kíkà, mò ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin, “Ẹ kà á fún wa,”
mò ń sọ fún àwọn ọmọkùnrin, “Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.”
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ni.
Ta ni yóò bá mi ṣírò ìyẹn?

Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere,
ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ ń bu ẹran fún.
“Ọpọlọ tiẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.”
Mo rò pé mo ti gbàgbé.
Ọwọ́ mi ò gbàgbé.

Lónìí mo gbé ìṣirò sí aago mọ́kànlá.
Ọ̀gá àgbà ní kí ló dé. Mo ní ooru ni.
Mo na ṣọ́ọ̀kì sí Sẹ̀kínátù,
ó wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń pè.
Nígbà tí òun ń kọ ọ́, èékánná aláró lára pátákó,
mo pe Mufútáù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní kó ka ìwé fún etí mi nìkan.
Ó ka ìlà méjì. Ó dúró. Ó gbé itọ́ mì.
“Tíṣà, mi ò mọ èyí.”
Ohun kan dún gbì láti ìhà ibi òkúta,
ó yíjú síbẹ̀.
N kò tíì kọ máàkì kankan.