Ẹgbàá Ó Dín Ogún

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo rà á níbi gbàǹjo,
lẹ́yìn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ní Òkè-Fíà,
òun àti àga mẹ́ta tí kò lẹ́sẹ̀.
Funfun ni wọ́n ṣe é; ó ti pọ́n rúsúrúsú
bí eyín baba tó ń jẹ aáṣáà.
Mo gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, mo fi okùn gbà á mọ́ra.
A gba Ọlá-Ìyá, ọlọ́kadà ń bi mí
bóyá tẹlifíṣọ̀n àwọn bàbá wa ni.
"Kọ̀ǹpútà ni." Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìgbọ̀nà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ síwíìṣì.
Kò wí nǹkan. Kò tilẹ̀ húkọ́.
Mo yọ fíúsì wò: ó yè.
Mo fi mítà wọn iná tó ń wọlé: ó pé.
Iná tó yẹ kó jáde ni kò jáde.
Mo ní, ẹ ò rí i, ikú ilé ni.

Ṣíjúwọlá tú bóòtì ẹ̀yìn rẹ̀, mẹ́fà péré, ọ̀kan ti jẹ,
ó gbé ìdérí kúrò, ó fò sẹ́yìn:
ọmọ́lé kan gbẹ síbẹ̀, ó na ìrù, ó pẹlẹbẹ bí ìwé,
eruku bò ó, ọyẹ́ lórí ọyẹ́.
A gbá a tán kí a tó rí bátìrì,
kò ju kóró iṣin lọ,
ó ti bì, èébì rẹ̀ aláwọ̀ ewé
ti jẹ ọ̀nà bàbà mẹ́rin já lára pátákó.
Nínú àpótí iná, kapásítọ̀ méjì
wú bí ikùn ọmọ aláràn.

Ẹ má bi mí ìdí tí n kò fi jù ú nù.
Bàbá Kásálì tó ń rán bàtà lápá ọ̀tún mi ti bi mí,
ó ní fóònù ọmọ ọmọ òun mọ ìṣirò jù ú lọ.
Òótọ́ ni.
Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èébì náà, ó hó ṣùùù,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, mo fi ògógóró nù ún
(ó ku díẹ̀ nínú ìgò; Bàbá Kásálì ló mọ ibi tó gbà).
Mo gé wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ẹyọ mẹ́rin,
òjé yọ́, ó dì, ó dán.
Lórí ìkẹta ni Nẹ́pà mú iná lọ.

Kapásítọ̀ tó bá a mu kò sí ní gbogbo Òṣogbo;
inú rédíò tó ti kú ni mo ti yá méjì.
Òkú ló gbé òkú dìde.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó fọhùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ké:
kéé, kéé, kéé. Ó dákẹ́.
Ṣíjúwọlá ní ó ń sunkún.
Mo ní rárá, ibi tó ń dùn ún ló ń tọ́ka sí:
iyè rẹ̀ ni kò jókòó dáadáa.
Mo yọ iyè, mo fi írésà ọmọ iléèwé pa eyín rẹ̀,
mo tì í padà, ó dún kọ́.

Ilẹ̀ ti ṣú. Kéé kan ṣoṣo.
Ojú rẹ̀ là, lẹ́tà aláwọ̀ ewé sáré kọjá,
ó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí a wà fún wa:
ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní,
ẹgbàá ọdún ó dín ogún.

Bátìrì kú, ọjọ́ sọnù;
ibi tí arúgbó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń padà sí.
Lọ́dún yẹn bàbá mi ṣì ní irun lórí.
N kò tíì sí.

Dísíkì ń ha bí eku nínú àjà. Orúkọ ń jáde,
àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ lówó: orúkọ, iye, orúkọ, iye.
Ìlà kẹtàdínlógún: Ọ̀ṣúnkúnlé Láṣùńkànmí.
Kẹ̀kẹ́ Rálè. Ó ku ogójì náírà.

Kẹ̀kẹ́ tó ní owó ọwọ́ òun lòun fi rà.
Kẹ̀kẹ́ tó fi gbé mi lọ síléèwé fún ọdún mẹ́fà.

Ṣíjúwọlá na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù:
"Ọ̀gá, ṣé kí n tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe?"
Mo ní kó fi sílẹ̀.
Bàbá Kásálì ti palẹ̀ mọ́, ó ti lọ.
Mo ka ogójì náírà jáde nínú àpò,
mi ò mọ ẹni tí mo lè san án fún.