Ẹlẹ́nu Méjì

Ní Dúlúùtù, létí adágún tó ti di yìnyín,
Aili Koskela dúró níwájú pẹpẹ ìsọ̀ àlòkù,
ìbọ̀wọ́ kan lọ́wọ́, èkejì nínú àpò.
Ọmọ tó ń tajà ní, "Ìyá, ẹ mú eléyìí,
ó fẹ́lẹ́, díìsì nìkan ló ń jẹ.
Ta ló tún ń wo téèpù láyé ìsinsìnyí?"
Kò dáhùn.
Ó ń fi ìka ṣí ẹnu ẹ̀rọ kejì,
ẹnu gbọọrọ,
ìdérí rẹ̀ ń padé bí ìpéǹpéjú.

A ní ká sá fún ẹlẹ́nu méjì.
Ṣùgbọ́n èyí,
ẹnu kan fún ọmọ-ọmọ àti àwòrán aláwọ̀ mèremère rẹ̀,
ẹnu kan fún Toivo,
tó ti ń gbẹ́ ihò kan náà sínú yìnyín
láti ọdún mọ́kànlélógún,
tí kò tíì pa ẹja kankan,
tó yíjú sí kámẹ́rà, tó ní,
"Aili, gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, òtútù á mú ọ."

"Ṣé ó lè dá téèpù padà sẹ́yìn?"
"Ó lè dá a padà, Ìyá. Rìmóòtù rẹ̀ nìkan ni ò sí."
Ó ka owó sílẹ̀.
Kò tilẹ̀ dúnàádúrà.