Ọrùn Kan Tí N Kò Gbowó Rẹ̀

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń fá ọrùn ènìyàn
ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀ṣínlé, ní Àkúrẹ́:
ọrùn tísà, ọrùn awakọ̀,
ọrùn ọmọ tó ń sunkún mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.
Mo mọ ibi tí abẹ ti ń rìn wẹ́rẹ́,
mo mọ ibi tí eegun ti ń sọ pé ó tó.
Àmọ́ ọrùn tó wà lórí itan mi lálẹ́ yìí
kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní irun,
ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí ju ti ọrùn adájọ́ lọ.

Bàbá mi, Akínsíkù káfíńtà, ló gbẹ́ ẹ.
Ó rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ atukọ̀ kan ní Ìgbókòdá,
ó fi okùn wọn gígùn rẹ̀, ó ta kókó mẹ́ta sí i,
kókó mẹ́ta náà ló gbé wálé nínú àpò ṣòkòtò.
Arère ló fi ṣe ikùn, ọ̀gànwó ló fi ṣe ọrùn,
sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló gé wẹ́wẹ́ tó fi dábùú rẹ̀.
Okùn mẹ́jọ, méjì-méjì,
bí tọkọtaya tó ń jà tí wọn ò kọ ara wọn.
Mandolíìnì ni atukọ̀ pè é.
Ìyá wa pè é ní Orogún-mi.

Ọrùn yẹn ki. Ó ki bí ọmọ odó.
Ọwọ́ Bàbá gbà á.
Tèmi kò gbà á.
Kílípà ti ba àtàǹpàkò mi jẹ́;
tí mo bá tẹ okùn lójú irin kẹta,
ìrora a gùn mí dé ìgúnpá,
orin a kú sójú ọ̀nà
bí alùpùpù tí epo tán nínú rẹ̀ kó tó dé Ìdànrè.

Ìbídùnní, ẹ̀gbọ́n mi, ní kí n má dán an wò.
"Ta ló ń tún iṣẹ́ òkú ṣe?"
Mo ní ọrùn ni mo fẹ́ fá, ọ̀run kọ́.
Ṣùgbọ́n nígbà tí àfọ́kù ìgò kan igi,
àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra mọ́.

Mo ti tú okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.
Mo ti fi aṣọ ìnura yí i léjìká, bí mo ti ń ṣe fún oníbàárà.
Ọ̀dà dúdú ló kọ́kọ́ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja,
lẹ́yìn náà ọ̀gànwó fúnra rẹ̀ yọjú, ó pupa,
òórùn ṣọ́ọ̀bù Bàbá láàárọ̀ Sátidé.
Mo fá, mo dì í mú, mo wò ó, mo tún fá.
Wọ́n mú iná lọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu.

Lójú irin kẹta, ìgò dún yàtọ̀.
Kì í ṣe igi.
Ìyẹ̀fun pákó tí a fi gọ́ọ̀mù pò ni,
tí a rọ sínú ọgbẹ́ kan tó gùn tó ìka ọwọ́.
Họ́wù!
Bàbá náà ti fá a rí.
Ó fẹ́ kó tín-ín-rín, ọ̀bẹ rẹ̀ ṣìnà, ó jìn,
ó dí i, ó kùn ún ní dúdú, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,
ó wá ń sọ fún gbogbo wa títí ó fi kú
pé ọrùn tó ki ló ń gbé ohùn dúró.

Mo rẹ́rìn-ín, tọ́ọ̀ṣì bọ́ lẹ́nu mi.

N kò fọwọ́ kan ọgbẹ́ náà.
Mo fá apá ọ̀tún, mo fá ìsàlẹ̀,
mo fá títí dé etí gọ́ọ̀mù,
mo fi sáńpépà pa á, mo fi àdí àgbọn ra á,
èyí tí mo fi ń ra orí àwọn ọmọ iléèwé.
Kò gún régé. Ó tín-ín-rín níbí, ó wú lọ́hùn-ún.
Àtàǹpàkò mi a máa rìn lọ,
bó bá dé orí gọ́ọ̀mù, a dúró díẹ̀.

Ìbídùnní gbọ́ ọ láti yàrá. Ó ní ohùn rẹ̀ ò yí padà.
N kò sọ ohun tí mo rí fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbá èérún igi pọ̀ mọ́ irun àná.
Oníbàárà àkọ́kọ́ jókòó, ó tẹrí ba,
ó ní kí n rọra, àpá kan wà lẹ́yìn ọrùn òun.
Mo ní mo ti rí i.