Ogún Abẹ́rẹ́

Kí n tó jáde lọ síṣẹ́ òru,
mo máa ń fi òwú sí ogún abẹ́rẹ́ fún Ìyá Orlena.
Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì,
ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìròyìn náà.
Màá tò wọ́n sórí tìmùtìmù pupa tó rí bí tòmátò,
màá wọ bàtà yìnyín mi,
màá forí lé ilé ìkẹ́rùsí létí ọ̀nà márosẹ̀.

Ìlú Truro ni, ní Nova Scotia,
níbi tí oṣù Ẹrẹ́nà ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ọyẹ́.
Yàrá òkè ni mo háyà lọ́wọ́ rẹ̀.
Aṣọ wà lórí àga, aṣọ wà lábẹ́ ibùsùn,
aṣọ wà nínú ààrò tí kò dáná mọ́.
Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà,
kò lè ní àkísà tó àgbà.
Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Ó ní, "Ta ló sọ fún wọn nípa mi?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ fún un lábẹ́rẹ́.
Àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n tú, wọ́n sè é
kí orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ lè ṣí.
Kò ṣí tán;
lábẹ́ lẹ́tà mẹ́ta ló ń sùn títí ó fi mọ̀ wọ́n kà.
Férémù igi ń fi okùn mẹ́rin rọ̀ láti àjà,
àwọn obìnrin jókòó yí i ká,
òun àti ológbò wà nísàlẹ̀,
wọ́n ń wo ẹnu abẹ́rẹ́ tó ń yọ, tó ń wọlé.
"Ojú rírán rẹ fẹ̀ jù," ni ìyá àgbà máa ń wí,
"èékánná ẹsẹ̀ ẹni tó bá sùn sábẹ́ rẹ̀ yóò há sí i."
Ó tú u. Ó tún un rán. Ó tú u.

Ó lo ogójì ọdún nílé iṣẹ́ tó ń rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ òtútù.
Owó ọ̀sẹ̀ dára,
ṣùgbọ́n àgékù aṣọ ló ń fẹ́,
èyí tó ń kó sínú agolo oúnjẹ ọ̀sán relé.
Bí ó bá dáná fọ́mọ márùn-ún tán, tó fọ abọ́,
ìgbà náà ni ọjọ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́.

Mo bi í pé kúbùsù mélòó ló ti rán.
Kò mọ̀. Àwọn tó sùn sábẹ́ wọn ló mọ̀.
Ti Lavinia, nígbà tó bí ìbejì.
Ti pásítọ̀ tó jẹ gbèsè, tó sá lọ tòun ti kúbùsù.
Ti Wendell, ọkọ rẹ̀: ẹ̀wù iṣẹ́ ojú irin rẹ̀ ló gé
ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n sin ín.
Ó ní àlùmọ́gàjí kọ̀, kò fẹ́ gé kọ́là,
nítorí náà kọ́là wà níbẹ̀ lódindi,
láàárín kúbùsù, bí ẹni tó ń retí ọrùn.

Lọ́dọ̀ wa, aṣọ òtòṣì ni à ń pè ní alábùlẹ̀.
Mi ò sọ èyí fún un.
Ní Kérésì tó kọjá, ó nawọ́: "Ìwọ ńkọ́? Kí lo kó wá?"
Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi sílẹ̀,
èyí tí epo pupa ta sí láyà, tí ọṣẹ bá jà tì.
Mo ní kó gé àbàwọ́n yẹn dànù.
Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.
Ó fi ìka rẹ̀ tó dé fìlà irin kàn án,
ó ní, "Oúnjẹ wo ni?"
Mo ní ẹ̀wà ni. Ọjọ́ Sátidé.
Ìwé ìròyìn ló ń kà, kò wo ṣíbí.
Ó ní, "Ó dáa." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Bí mo bá dé láàárọ̀, màá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà,
màá ka abẹ́rẹ́ tí òwú ṣì wà nídìí wọn.
Bí márùn-ún bá kù, ó sùn díẹ̀.
Bí ó bá jẹ́ méjìlá, ìka ń dùn ún.
Láàárọ̀ yìí, kò ku ẹyọ kan.
Iná ṣì wà ní títàn, ó ń hanrun lórí àga,
epo bàbá mi wà lórí orúnkún rẹ̀.
Mo fi itọ́ ra ẹnu òwú,
mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.