Igi Inú Ilé

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni mo ń gbé ní Mọ́kọ́lá.
Fèrèsé mi kọjú sí ìlà oòrùn,
páànù ìpẹtà ni gbogbo ohun tó ń wò.
Níbẹ̀ ni mo gbé igi rọ́bà kalẹ̀
nínú ike ọ̀dà tí mo dá ihò sí nídìí.

Bàbá mi wá tọ́jú orúnkún ní ọsibítù.
Ogójì ọdún ló fi ro oko kòkó níhà Ìdó.
Ó wo igi náà títí, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ìbíyẹmí, igi lo gbé wọlé!
Kò so, kò ṣeé dáná,
ewúrẹ́ pàápàá ò ní jẹ ẹ́.
Èló ló ń san lówó ilé?"

N ò dáhùn. Mo bu omi sí i
bí mo ṣe ń ṣe láràárọ̀,
ife kan fún un, ife kan fún èmi.
Ewé mẹ́ta ti pọ́n, wọ́n já bọ́.
Mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo fi kún omi.

Lọ́jọ́ kẹrin mo bá a lórí àpótí,
ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún gbọọrọ,
ìka rẹ̀ wọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì.
"O ń rì í sómi ni. Gbòǹgbò náà ń mí.
Bí ìka bá jáde ní tútù, gbé ife rẹ jìnnà.
Àánú náà ní àṣejù tirẹ̀."

Ó já ewé kan tó ń kú lọ. Oje dà, ó funfun bí ẹ̀kọ.
"Háà! Ọmọ ìyá òdán ni!
Òdán ojúde wa, bí àdá bá kàn án,
bó ṣe ń dà nìyí!"
Láti ìgbà náà, ó di ẹbí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Bàbá ya síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́, ó rẹ ẹ́ sómi,
ó ń nu ewé lọ́kọ̀ọ̀kan,
ọwọ́ òsì lábẹ́, ọwọ́ ọ̀tún lókè,
bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn.
Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń yí ike náà díẹ̀:
igi tí a kò yí, yóò kẹ̀yìn sílé.

Ó ti padà sóko báyìí.
Ó pè lálẹ́ àná. Kò bèèrè iṣẹ́,
kò bèèrè ọkọ (ìyẹn jọ mí lójú).
"Ìbátan wa ńkọ́?"
Mo ní ṣóńṣó pupa kan ti yọ lórí rẹ̀.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ igbe ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.
"Ṣé ó ti ṣí?"
Kò tíì ṣí, Bàbá.
"Má fọwọ́ kàn án o. Má fọwọ́ kàn án."