Ife Méje

Ààrò oníná wa ti kú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Onílé ní òun ń bọ̀,
ó ń bọ̀ bí òjò Dọndíì ṣe máa ń bọ̀,
tí kì í rọ̀ tán, tí kì í sì í dá.
Bàbá mi dé láti Ìkirè lánàá,
ó pé ọgọ́rin ọdún lónìí,
n kò sì lè yan nǹkan kan.

Ẹni tí kò níná ṣì lọ́wọ́.
Mo da bískíìtì sínú ọ̀rá, mo so ẹnu rẹ̀,
mo fi ọmọ odó lù ú, ọmọ odó ìyá mi
tó bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú àpótí aṣọ,
tí àwọn aṣọ́bodè yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì,
kí lèyí, kí lèyí?
Iyán ló mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí ó ń kọ́ bískíìtì.
Kù, kù, kù. Nísàlẹ̀, Mọ́rágì kan àjà,
ó fi igi ìgbálẹ̀ dá mi lóhùn.

Bọ́tà yọ́, mo dà á mọ́ èérún,
mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ife
bí ẹni ń tẹ ilẹ̀ yàrá tuntun.
Wàrà ọlọ́ràá, mo lù ú, mo lù ú,
títí ọwọ́ tí ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́
fi ń bẹ̀ mí. Ó ṣì ń ṣàn bí omi.
Mo sinmi. Mo tún lù ú. Ó gbà, ó dúró.
Máńgòrò méjì láti ṣọ́ọ̀bù ará Pakisitáànì,
owó wọn tó owó ata ọ̀sẹ̀ kan;
mo fa kóró wọn mu lẹ́yìn ilẹ̀kùn
kí Ìrèwọlé má baà rí mi.
Ọsàn wẹ́wẹ́ kan, kí kíkan rẹ̀ dójú ti ṣúgà díẹ̀.

A jẹ́ méje. Ife mi jẹ́ mẹ́fà.
Mọ́rágì gbé ìkeje gòkè wá fúnra rẹ̀,
ife ìyá rẹ̀, ó ti kán létí díẹ̀;
ó ní kí n má bá ìgbálẹ̀ bínú.
Mo tò wọ́n sínú fìríìjì, láàrin ẹja àti oògùn Bàbá,
mo pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tó tẹ́ ọmọ sùn.

A jẹ ìrẹsì tán, mo gbé mẹ́fà jáde.
Bàbá wo tirẹ̀. Ó wo ti Dúródọlá àbúrò mi.
Ó wo ti ọkọ mi.
"Àrìnpé," ó ní, "ta ló bá ta jà?"
Ilé pa lọ́lọ́.
"Abọ́ kan la fi tọ́ yín. Ọwọ́ á pàdé ọwọ́ nínú rẹ̀.
Ẹni tó ń dá ife tirẹ̀ jẹ,
báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹnìkejì ò yó?"

Ojú tì mí. Mo fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn,
pé mo ka ègé máńgòrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè dọ́gba.
Bàbá ti ki ṣíbí bọ ife Ìrèwọlé.
Ọmọ náà figbe ta, "Tèmi ni!"
ó ki tirẹ̀ bọ ti Bàbá.
Dúródọlá, tí òun àti ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ láti èṣí
nítorí owó mọ́tò,
nawọ́ gígùn sọdá tábìlì,
ó bu máńgòrò kan nínú ife rẹ̀ láìtọrọ.
Ọkọ mi wò ó.
Ó ti ife náà sún mọ́ ọn.

Bàbá lá ètè. "Kí ni wọ́n ń pè é?"
N kò mọ̀. Mo ní, "Àìdáná."

Aago mẹ́wàá, mo ti wọ bàtà iṣẹ́ òru,
mo rántí ìkeje. Mo ṣí fìríìjì:
ojú ṣíbí méjì wà nínú rẹ̀, ńlá kan, kékeré kan.
Mo jẹ ìyókù lórí ìdúró,
mo yí ibi tó kán sẹ́yìn kí ó má baà gé mi lẹ́nu.